Òwú Olókùn Inú Báàgì Marufat

Saifudeen kọ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ọlọ́pàá tó ga tó ilẹ̀kùn, tó ń fi ọwọ́ lásán mú adigunjalè, ló fẹ̀yìn ti ògiri ọ́fíìsì mi, tó ń wo nǹkan funfun méjì lórí tábìlì bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bù ú jẹ.

"Màdáámù, ẹ má fọwọ́ lásán gbé e o," ló wí. "Oògùn ni."

Mo gbé ọ̀kan. Òwú ni, wọ́n dì í pọ̀ títí ó fi le, kò sì ju ìka ọwọ́ mi lọ. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan so mọ́ ọn nídìí, wọ́n wá fi ọ̀rá wé gbogbo rẹ̀. Inú báàgì Marufat ni wọ́n ti rí i, lábẹ́ ìborùn tí ó ká lé e lórí.

Marufat ni ìyàwó ọ̀ṣìngín tó ṣubú lulẹ̀ nílé ọkọ rẹ̀ lálẹ́ àná, bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ ìṣínu kalẹ̀. Ó ti ń bì, ara rẹ̀ gbóná, awọ ara rẹ̀ sì pọ́n. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni aládùúgbò kan rí i ní ṣọ́ọ̀bù Abigail, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ní àdúgbò Takie, tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín nínú abọ́ kan náà. Nínú oṣù Ràmàdánì. Ìyá ọkọ Marufat, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àlájà, kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wásáàpù àwọn obìnrin àsàlátù wọn pé Abigail, ọmọ onígbàgbọ́, ti fún ìyàwó òun ní májèlé jẹ. Àwọn ọ̀dọ́ kan ló fẹ́ dáná sun ṣọ́ọ̀bù náà tí a fi sáré gbé Abigail wá sí àgọ́ wa. Ààbò la gbé e wá fún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá wa, DPO Akínpẹ̀lú, ti ń pè é ní apànìyàn.

"Títílọlá," ni ọ̀gá wí fún mi, "òní ni Jímọ̀. Kí wọ́n tó kírun tán, mo fẹ́ kí ọmọ yẹn ti jẹ́wọ́."

"Bí kò bá ṣe é ńkọ́, sà?"

"Ta ló wá ṣe é?"

"Mo ṣì ń wo nǹkan, sà. Ẹ jẹ́ kí n wò ó tán."

Nínú gbogbo ọlọ́pàá ìwádìí tó wà ní àgọ́ yìí, èmi nìkan ni obìnrin. Wọ́n ní mo máa ń bínú jù. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú mi kì í dí ìrònú mi lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì jọ máa ń ṣiṣẹ́ ni.

*

Abigail Kọ́láwọlé jókòó ṣánṣán lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ díákónì ìjọ Baptist ni, bàbá rẹ̀ sì wà níta tó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu géètì.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀. Ta ló ra mọ́ínmọ́ín yẹn?"

"Èmi ni. Ọjà Igbó ni mo ti rà á."

"Kí lo fi sí i?"

"Ṣíbí mà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. "Marufat ń gbààwẹ̀. Kí ló dé tó fi bá ọ jẹun lọ́sàn-án gangan?"

Ó yí ojú sí ọ̀nà géètì tí bàbá rẹ̀ wà.

"Ṣé o fipá mú un ni?"

"Ẹ ò mọ Marufat mà. Ta ló lè fipá mú un?"

Mo gbé òwú náà síwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kàn án, ó sì yára kúrò lórí rẹ̀. "Kí nìyí?"

"Mi ò ní sọ."

"Abigail, mi ò ní sọ yàtọ̀ sí mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé ó yàtọ̀ mà. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo ṣèlérí fún ọ̀rẹ́ mi. Bí ó bá jí, ẹ bi òun. Bí ẹ bá sì fẹ́ tì mí mọ́lé di ọdún tó ń bọ̀, ẹ tì mí."

"Ó lè má jí o."

Omi lé ròrò sí i lójú, síbẹ̀ kò gbé orí rẹ̀ sílẹ̀. "Ó máa jí," ló wí.

Inú bí mi sí i, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í fún èèyàn ní májèlé. Bí ó bá ń bínú sí ọ, ojú rẹ ni yóò ti sọ ọ́. Àmọ́ ilé ẹjọ́ kì í gba ìyẹn ní ẹ̀rí, nítorí náà mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ sí Ọjà Igbó.

*

Arúgbó tó ti dàgbà kọjá ààwẹ̀ ni ìyá onímọ́ínmọ́ín. Bí mo ṣe sọ ohun tó gbé mi wá, ó yọ ọ̀kan nínú ìkòkò, ó tú ewé rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán lójú mi láì mumi.

"Ṣé mo ti kú?" ló bi mí.

"Rárá, Ìyá."

"Ìkòkò àná kò ṣẹ́ kù rárá. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó wà lẹ́yìn yìí jẹ nínú rẹ̀, wọ́n sì tún wá rà láàárọ̀ yìí. Ẹ lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe."

Mo fara mọ́ ọn. Abọ́ kan náà ni Abigail àti Marufat ti jẹun, orí kò sì tiẹ̀ fọ́ Abigail. Mo wá lérò pé bóyá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Mo lọ bá Mubaraq, ọkọ Marufat, ní ilé ìwòsàn. Ó ń tún fóònù ṣe ní Takie, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ti Abigail.

"Kí ló wà láàárín ìwọ àti Abigail?"

"Èmi àti Abigail kẹ̀?" Ó fọwọ́ nu ojú. "Kò tiẹ̀ fẹ́ràn mi mà. Ojoojúmọ́ ló ń bá mi jà pé mo ń jẹ́ kí màmá mi máa ṣọ́ ìyàwó mi lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀."

"Ṣé òótọ́ ló sọ?"

Ó kàn ń wo bàtà rẹ̀.

Àlájà jókòó sórí àga gígùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ẹkún ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Mo kí i, ó sì fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ti ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

"Ìyàwó mi kò já ààwẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Èmi ni mò ń jí i fún sààrì, èmi ni mò ń bu omi ìṣínu fún un. Ẹ̀yin náà obìnrin ni, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Oyún ni. Mo ti sọ fún àwọn obìnrin àsàlátù wa. Èmi gan-an ni wọ́n fún ní májèlé yẹn, nítorí ọmọ-ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Dókítà pàápàá bi mí bóyá ó ń ṣe nǹkan oṣù. Mo ní rárá o, ó ń gbààwẹ̀."

Dókítà Ànúolúwa, obìnrin kúkúrú kan tí kò tíì sùn láti àná, jáde sí mi. "A ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó jẹ májèlé," ló wí, "ṣùgbọ́n mi ò mọ májèlé inú oúnjẹ tó ń mú ara gbóná tó báyìí, tó sì ń mú awọ ara pọ́n bí ẹni tí oòrùn jó. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ fọkàn sí, ìyá rẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ìyá ọkọ rẹ̀," ni mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Òun ló ń dáhùn fún un."

*

Nínú kẹ̀kẹ́, bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo pe ìyá tó bí Marufat. Ó wà ní gáréèjì ní Ọ̀yọ́, ó ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e wá.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Marufat máa ń fojú pamọ́ jẹun nínú ààwẹ̀?"

"Marufat tèmi? Ibà dá a gúnlẹ̀ lọ́dún kan, mo ní kó jẹun, ó kọ̀, èmi ni mo sunkún. Ta ló ń pa irú irọ́ yẹn mọ́ ọmọ mi?"

Mo pa fóònù. Ọ̀fun èmi náà gbẹ, nítorí mò ń gbààwẹ̀. Mo wá ń tò ó lọ́kàn. Arìnrìn-àjò àti aláìsàn lè jẹun nínú ààwẹ̀, ṣùgbọ́n Marufat kò rin ìrìn àjò. Ara rẹ̀ le lọ́sàn-án yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù, aládùúgbò ló sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run débi pé ibà kò lè mú un jẹun. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀, kí ló kù tó lè mú un jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́sàn-án Ràmàdánì, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀?

Ìtìjú mú mi, lẹ́yìn náà inú bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi Títílọlá, ọlọ́pàá, jẹ búrẹ́dì nínú ilé ìdáná mi, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí àwọn ọmọkùnrin mi má bàa rí mi. Mò ń ṣe nǹkan oṣù. Ẹni tó bá ń ṣe é kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Ẹ̀sìn wa ló ní kó jẹun, kó san án padà tó bá yá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ a ń sá pamọ́ jẹun nínú ilé tí a fi owó wa kọ́.

Marufat kò já ààwẹ̀ kan. Irọ́ ni. Ó ń díbọ́n gbà á ni, nítorí ìyá ọkọ rẹ̀ ti lọ kéde oyún. Ààwẹ̀ ìdíbọ́n yẹn ni Àlájà sì gbé lé dókítà lọ́wọ́ bí ẹ̀rí.

Òwú wá ńkọ́?

*

Mo bu omi sínú ife, mo bọ́ ọ̀rá kúrò lára ọ̀kan nínú àwọn òwú náà, mo sì jù ú sínú omi. Saifudeen ti sún dé ẹnu ọ̀nà. DPO wọlé lásìkò yẹn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń wò ó. Òwú náà mumi. Ó tú, ó wú, ó fẹ̀ títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ife. Mo di okùn rẹ̀ mú, mo fà á jáde, ẹyọ kan kò já.

"Kí ni mo ń wò yìí?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Okùn yẹn, sà, torí kí wọ́n lè fà á jáde ni. Àwọn obìnrin ń fi í sójú ara kó lè gba ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù. Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀, mi ò rí i rí. Támpọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é."

Ọ̀gá wo òkè àjà. Saifudeen nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò fọwọ́ kan nǹkan kan láti àárọ̀.

Mo gbé ife àti òwú náà tọ Abigail lọ. Ó rí i, ó sì mọ̀ pé mo ti mọ̀.

"Àǹtí mi ló ń fi í ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà," ló wí. "Àlájà máa ń tú pàǹtí wò kí wọ́n tó sun ún. Bí Marufat bá ju páàdì síbẹ̀, á rí i. Ìyẹn ni mo ṣe fún un ní díẹ̀. Ó mú mi búra pé mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Wákàtí mélòó lo ní kó fi sílẹ̀?"

"Mo ní kó máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ, kó fọ ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú. Ó ní kò ṣeé ṣe. Iwájú ilé ìyàgbẹ́ wọn ni Àlájà ń jókòó sí, ó sì mọ iye ìgbà tó wọbẹ̀. Ó ní ẹyọ kan ni òun ń lò láti sààrì di sààrì." Ó dúró. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ létí. "Mà, èyí tó wà lára rẹ̀ nígbà tó ṣubú..."

"Ta ló yọ ọ́?" ni mo bi í.

Kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Ta ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?

"Ìlérí rẹ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á," ni mo wí fún un, mo sì ti ń sáré lọ.

*

Iwájú gbogbo wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. "Dókítà, ó ń ṣe nǹkan oṣù. Òwú wà lójú ara rẹ̀ láti sààrì àná, ó tiẹ̀ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Àlájà dìde. "Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ìtìjú níbí. Àwọn ọkùnrin wà níbí."

"Àlájà, ìtìjú yìí ló ń pa ọmọ yín."

Dókítà Ànúolúwa kò dúró gbọ́ èyí. Ó ti ń pe nọ́ọ̀sì, ó ti ń wọ ìbọ̀wọ́. Ilẹ̀kùn pa dé. Mubaraq gbé orí lé ògiri. Mo gbọ́ ìpè ìrun Jímọ̀ láti ìta, n kò sì rántí pé mo bá ọ̀gá ṣèlérí ìjẹ́wọ́ kankan.

Nígbà tí dókítà jáde, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. "Ó wà níbẹ̀," ló wí. "A ti yọ ọ́. A ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń pa kòkòrò, omi sì ń wọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì bọ́, ṣùgbọ́n a ti mọ ohun tí à ń bá jà." Ó yíjú sí Àlájà. "Kòkòrò kan wà tó ń gbé lára ọ̀pọ̀ èèyàn láì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí irú òwú báyìí bá pẹ́ lára jù, kòkòrò náà lè máa pọ̀ sí i, kó máa tú májèlé sínú ẹ̀jẹ̀. Kì í wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dé, wákàtí díẹ̀ ló máa ń gbà kó tó gbé èèyàn lọ. Ibà gbígbóná, èébì, ara pípọ́n, òòyì. Ẹni tó bá rí i lásìkò nǹkan oṣù, kó yọ ohun tó wà lára rẹ̀, kó máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn, kó sì sọ ohun tó lò."

"Májèlé náà ni, ẹ ò rí i," ni Àlájà wí.

"Májèlé ni. Abigail kọ́ ló bù ú," ni mo wí.

*

Ọ̀gá ní kí Abigail gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ, kí ariwo má bàa pọ̀.

"Ẹnu ọ̀nà iwájú lẹ gbé mi gbà wọlé, sà," ni Abigail wí. "Ibẹ̀ ni màá gbà jáde." Mo bá a rìn, bàbá rẹ̀ sì tẹ̀ lé wa.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà iwájú kò tó. Ìwé tí mo kọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ wà nínú fáìlì. Ohùn Àlájà ṣì wà lórí fóònù gbogbo Takie. Àsìkò tí télọ̀ ń rí iṣẹ́ jù lọ lọ́dún nìyẹn, tí oníkálukú ń rán aṣọ ìtúnu ààwẹ̀. Àwọn oníbàárà ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kó aṣọ wọn tí kò tíì rán tán. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn ń kó aṣọ wọn ni.

Nígbà tí ojú Marufat wálẹ̀ dáadáa, tí awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń bó bí ti ẹni tí omi gbígbóná jó, mo lọ gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Àlájà àti Mubaraq wà níbẹ̀.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ti tán," ni Àlájà ń sọ fún un. "Mo ti sọ fún wọn pé ọgbẹ́ inú ni."

"Abigail ńkọ́, Màmá?"

Àlájà ń tún aṣọ ìbora tẹ́. Mubaraq ló lanu sọ̀rọ̀, ó sì yà mí lẹ́nu. "Wọ́n ti kó aṣọ wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣófo."

Marufat na ọwọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní fóònù yín."

"Marufat, ojú wo ni màá fi wò wọ́n? Mo ti sọ fún wọn pé oyún ni." Ohùn Àlájà gbọ̀n. Àánú rẹ̀ ṣe mí nígbà yẹn, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n n kò gbé ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́.

"Bí ẹ ò bá fún mi, Màmá, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi bá ti lè gbé mi, màá lọ sí àsàlátù, màá sì sọ ọ́ lójúkojú wọn."

Àlájà gbé fóònù kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Marufat gbé e súnmọ́ ẹnu.

"Ẹ̀yin ìyá mi, àsàlàámù alaekum. Marufat ni, ìyàwó Mubaraq. Mi ò kú. Abigail kò fún mi ní májèlé. Mi ò lóyún, mi ò sì ní ọgbẹ́ inú. Nǹkan oṣù mi ni mò ń ṣe, mò ń díbọ́n gbààwẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Mo fi òwú sójú ara láti sààrì di sààrì, torí ojú ń tì mí láti lọ pààrọ̀ rẹ̀. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹni tó bá gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ Abigail, kó gbé e padà fún un. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí bá tì lójú, kó bojú. Tèmi ti tán."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Ó dá fóònù padà fún onífóònù.

A dúró de èébú. Fóònù náà dún. Ìyá Àdínnì ni, ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn. Àlájà tẹ̀ ẹ́, ohùn arúgbó náà sì gba gbogbo yàrá.

"Marufat, Ọlọ́run á fún ọ lálàáfíà. Ọmọ-ọmọ mi wà níbí, ara rẹ̀ ti gbóná láti àná, ó ń bì. Ó ń ṣe nǹkan oṣù. Kí ni kí n bi í?"

Marufat na ọwọ́ láti gba fóònù, Àlájà kò fún un. Ó dìde dúró, ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ó sì sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin kan tó ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yọjú wò wá.

"Ẹ bi í pé kí ló lò sójú ara, ìgbà wo ló sì ti wà níbẹ̀. Kó yọ ọ́ báyìí. Ẹ máa gbé e bọ̀."